Pálẹ́ẹ̀tì: Ká Rà Á Ni, Tàbí Ká Gbà Á Háyà?

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a mọ Ṣómólú mọ́. Ẹni tí ó bá jáde láti Abúlé Òkúta, tí ó gba ìhà Ṣómólú lọ, kò ní pẹ́ gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kàlẹ́ńdà ń jáde, ìwé ìsìnkú ń jáde, ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jáde. Gbogbo rẹ̀, orí pépà ni. Pépà sì ní ọ̀tá kan tí kò lè bá ṣọ̀rẹ́ láéláé. Omi ni ọ̀tá náà.

Ẹni tí ó bá to pépà rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lásán ní oṣù Júùnù, nígbà tí òjò Èkó ń rọ̀ kíkankíkan, ń fi owó rẹ̀ ṣeré. Kò dìgbà tí omi bá wọ inú ilé. Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin láti inú ilẹ̀, pépà á sì fà á láti ara sìmẹ́ńtì. Pépà tí ó ti fa ọ̀rinrin á wú, etí rẹ̀ á ká, bí ẹ bá sì gbé e sínú ẹ̀rọ, á máa há. Orúkọ àdúgbò wa ń pe òkúta, ṣùgbọ́n pépà kì í sùn lórí òkúta. Orí pákó ni í sùn. Pákó náà ni à ń pè ní pálẹ́ẹ̀tì, òun ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìbéèrè tí àwọn oníṣẹ́ tí kò kéré, tí kò sì tíì di ńlá, máa ń bèèrè ni pé: ṣé kí n ra pálẹ́ẹ̀tì ni, àbí kí n máa gbà á háyà? Ìbéèrè gidi ni o. Ẹni tí ó nílò 60, bí ó bá ṣi owó rẹ̀ lò síbẹ̀, ó lè má rí owó fi ra pépà tí ó fẹ́ tò lé e lórí.

KÍ NI PÁLẸ́Ẹ̀TÌ?

Pẹpẹ pákó ni. Wọ́n kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ra lókè, wọ́n fi igi kúkúrú tí ó nípọn sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn igi náà. Àlàfo yìí ni ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́kílífítì, ẹ̀rọ agbẹ́rù tí ó ní ìka irin méjì gbọọrọ, máa ń ti ìka rẹ̀ bọ̀ láti gbé pálẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gbogbo ẹrù orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí a ń fi ọwọ́ fà, tí òun náà ń ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀.

Oríṣi kan tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn àti 100 ní fífẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, ó sì ju 3 lọ díẹ̀ ní fífẹ̀. Irú rẹ̀ 10 ni a lè tò sílẹ̀ nínú kọ̀ńténà kékeré tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń dín iṣẹ́ kù. Rímù pépà A4 kan tí a sábà ń lò wúwo tó kílò 2 àbọ̀. Rímù 5 ni ó wà nínú páálí kan, páálí náà á wá jẹ́ kílò 12 àbọ̀. Bí a bá to páálí 40 sórí pálẹ́ẹ̀tì kan, ó di kílò 500. Alábàárù tí ń ru páálí méjì-méjì á lọ, á bọ̀, nígbà 20 kí ó tó kó o tán. Fọ́kílífítì á gbé e lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Bí ó bá jẹ́ pé orí ènìyàn ni wọ́n fi ń já ẹrù yín kúrò nínú lọ́rì, tí ó jẹ́ pé orí ènìyàn náà ni wọ́n fi ń kó o jáde, kí ni pálẹ́ẹ̀tì ń ṣe fún yín? Kì í ṣe ohun ìrìnnà. Ohun ìtẹ́lẹ̀ lásán ni, bí ẹni tí a tẹ́ sílẹ̀. Irú pálẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ẹ má gbà á háyà. Ẹ rà á, tàbí kí ẹ ní kí káfíńtà kàn án fún yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ síbẹ̀ ti rí ìdáhùn rẹ̀ gbà.

ÀGA ÌNÁWÓ ÀTI KÉRÉÈTÌ ỌTÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín bí ẹ ṣe rò. Ẹni tí ó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ní Bàrígà kì í lọ ra àga 200. Á gba àga háyà, á gba kánópì háyà, bí ó bá di ọjọ́ kejì, olówó rẹ̀ á wá kó o. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tí ń jókòó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń ra àga tirẹ̀ ni. Nígbà tí mo ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, a kì í gba bẹ́ǹṣì kíláàsì háyà, nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń jókòó lé e. Àga àwọn àlejò ọjọ́ àṣeyẹ òpin ọdún ni à ń gbà háyà. Iye ọjọ́ tí a ó lò ó ni ó yàtọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti kéréètì. Ẹni tí ó bá gbé kéréètì òfìfo àti ìgò inú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ọtí, á san owó ọtí nìkan. Ẹni tí kò bá gbé òfìfo wá, á fi owó ìdógò sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bèèrè pé, “Kéréètì tèmi gan-an dà?” Èyíkéyìí tí ó bá dára ni wọn á gbà, nítorí gbogbo wọn dọ́gba.

Nípa ti pálẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà mẹ́ta yìí náà ni ayé ń gbà. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó pálẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ agbẹ́rù lọ sí Ọsirélíà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba Ọsirélíà kò jẹ́ kí ó ṣòfò. Wọ́n kó o jọ sábẹ́ àjọ kan tí à ń pè ní Commonwealth Handling Equipment Pool, kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ẹrù lè máa rí i lò. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ náà ni wọ́n kó pọ̀ tí ó fi di CHEP. Ní 1958, ilé-iṣẹ́ Brambles rà á. Lónìí, pálẹ́ẹ̀tì, kéréètì àti àpótí tí wọ́n fi ń ṣe háyà káàkiri ayé ti ju 300 mílíọ̀nù lọ. Wọ́n wà ní South Africa pẹ̀lú. Àwọ̀ búlúù ni wọ́n ń kun pálẹ́ẹ̀tì wọn. Wọn kì í tà á.

Àwọn ará Yúróòpù gba ọ̀nà kéréètì ní tiwọn. Ní 1961, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè wọn fohùn ṣọ̀kan lórí pálẹ́ẹ̀tì kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ó fẹ̀ ní 80. Ìṣó 78 ni ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nítorí pé wọ́n ka ìṣó ni pálẹ́ẹ̀tì ẹnìkan fi lè dípò ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó gbé ẹrù wá lórí 20 á gba òfìfo 20 padà, á bá tirẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá ti sí irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbé èyí tí ó le lọ, wọn á sì kó jákujàku fún yín padà.

Ẹ GBÉ BÍRÒ YÍN

Iye owó tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ọjà o. Ìṣirò ni mo fi ń kọ́ yín. Bí ẹ bá dé ọjà, iye tí wọ́n bá pè fún yín ni kí ẹ fi dípò rẹ̀.

Ká ní pálẹ́ẹ̀tì tuntun kan jẹ́ ₦20,000, tí a lè lò ó fún ọdún 4. Ká ní a ó máa ná ₦2,000 lọ́dọọdún lórí pákó tó ṣẹ́ àti ìṣó tó yọ. Àtúnṣe ọdún 4 jẹ́ ₦8,000. Ẹ rò ó mọ́ ₦20,000, ó di ₦28,000. Ẹ fi ọdún 4 pín in. ₦7,000 ni pálẹ́ẹ̀tì kan ń ná wa lọ́dún kan.

Ká wá ní owó háyà jẹ́ ₦50 lójúmọ́. Ọdún kan ní ọjọ́ 365. ₦50 lọ́nà 365 jẹ́ ₦18,250. Ẹ rí i bí ₦50 tí ó dà bí ẹ̀fẹ̀ ṣe di owó ńlá! Ẹni tí ó ń gba háyà yípo ọdún ń san ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹni tí ó rà á ń san.

Ṣùgbọ́n ìgbà kò dọ́gba nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Kí ilé-ìwé tó wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ìwé ìkọ̀wé á kún inú ilé dé òrùlé. Bí ọdún bá ń parí lọ, kàlẹ́ńdà á gba ipò rẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì, ó lè jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta pálẹ́ẹ̀tì yín ni yóò máa ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ oṣù 3 péré, ìyẹn ọjọ́ 90, ni ẹ nílò pálẹ́ẹ̀tì kan, owó háyà rẹ̀ jẹ́ ₦4,500. Ẹ wò ó, ó ti kéré sí ₦7,000.

Níbo wá ni ààlà wà? Ẹ fi ₦50 pín ₦7,000. Ó jẹ́ 140. Pálẹ́ẹ̀tì tí a ó lò fún ọjọ́ tí kò tó 140 lọ́dún, háyà rẹ̀ dín owó. Èyí tí a ó lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn ká rà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìtẹ̀wé kan tí ó nílò 60 nígbà iṣẹ́ púpọ̀, tí ó sì jẹ́ pé 20 tó o ní ìgbà yòókù. Bí ó bá ra gbogbo 60, ₦1,200,000 ni yóò kó sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá ra 20, ₦400,000 nìyẹn. Bí ó bá gba 40 yòókù háyà fún ọjọ́ 90, ₦180,000 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦580,000. ₦620,000 ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè fi ra pépà. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ni ó bá ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ àárín mu: èyí tí kì í kúrò nílé, kí ó jẹ́ tiyín, èyí tí ó jẹ́ àlejò, kí ó padà sí ilé olówó rẹ̀. Òtítọ́ ni pé owó háyà á tún padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, ti èyí tí a rà kò ní padà wá. Ṣùgbọ́n pépà tí kò sí nínú ilé nígbà tí iṣẹ́ dé, kò sí pálẹ́ẹ̀tì tí ó lè dípò rẹ̀.

Ẹ tún rántí àyè. Pálẹ́ẹ̀tì òfìfo 10 tí a tò léra wọn ga tó mítà 1 àbọ̀. 40 tí kò níṣẹ́ á gba ìdí mẹ́rin, nínú ilé tí ẹ ń san owó rẹ̀. Bí ẹ bá kó o síta, òjò ń pa á, ikán ń jẹ ẹ́, àwọn aládùúgbò á sì máa yọ ọ́ dáná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÈYÍ TÍ KÒ PADÀ WÁ ŃKỌ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò dé nìyí. Títí di ìsinsìnyí, a ti ń ṣírò bí ẹni pé pálẹ́ẹ̀tì á padà sílé. Ká ní ẹ kó ìwé lọ fún oníbàárà lórí 60, tí ó jẹ́ 45 ni ó padà. 15 ti sọnù. Bí ó bá jẹ́ tiyín, ₦300,000 ti lọ. Àwọn kan á ní, “Nítorí náà ni mo ṣe ń gbà á háyà, kí ẹ̀rù má bà mí.” Rárá o! Olówó pálẹ́ẹ̀tì á gba owó èyí tí ó sọnù lọ́wọ́ yín ni. Bí iye tí ó kọ sínú ìwé bá jẹ́ ₦20,000, ₦300,000 yẹn náà ni ẹ ó san, ẹ ó sì ti san owó háyà ṣáájú. Háyà kì í wo àdánù sàn. Kí ẹ tó pinnu láti rà tàbí láti háyà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò kó o padà wálé.

Bí ẹnìkan bá wá bá yín pé òun ń fi pálẹ́ẹ̀tì ṣe háyà, ẹ má jẹ́ kí iye ojúmọ́ kan mú orí yín wú. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí: ṣé ọjọ́ tí ẹ sọ pé ẹ ti ṣe tán ni, àbí ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ tó ráyè wá kó o? Ṣé ó ń ka ọjọ́ Àìkú? Bí tírélà bá dúró fún ọjọ́ 4 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àpápá, ta ni ó ni ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ta ni ó ń san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀? Èló ni ẹyọ kan bí ó bá sọnù? Pákó tí ó ṣẹ́ nítorí ogbó, ta ni yóò tún un ṣe? Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí pálẹ́ẹ̀tì bá ń wọlé, ẹ kà á. Bí ó bá ń jáde, ẹ tún un kà, kí ẹni tí ó gbà á fọwọ́ sí i.

Oníbàárà yín náà ńkọ́? Ẹ lè fi ti kéréètì kọ́ ọgbọ́n: kí ó san owó ìdógò lórí pálẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá a padà fún un bí òfìfo bá dé. Ẹlòmíràn á bínú. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà yìí kì í bínú sí ẹni tí ń ta ọtí.

BÍ ẸRÙ BÁ Ń LỌ SÍ ÒKÈ ÒKUN

Ẹni tí ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ òfin kan. Kòkòrò máa ń gbé inú igi tútù. Ní 1996, wọ́n rí kòkòrò kan láti ilẹ̀ Éṣíà tí ń jẹ igi nínú ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Inú pákó tí wọ́n fi di ẹrù ni ó bá dé ibẹ̀, igi púpọ̀ ni wọ́n sì gé lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní 2002, ìlànà kan jáde fún gbogbo ayé lórí pákó ìdìẹrù. Orúkọ rẹ̀ ni ISPM 15. Ìlànà náà sọ pé a ní láti mú kí igi gbóná títí dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ó dé ìwọ̀n 56 Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ni a ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára. Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NAQS ni ó ń bójú tó o.

Àwa tí a ti mọ ìwé kà lè ka òǹtẹ̀ náà. Ẹ ó rí lẹ́tà IPPC, ẹ ó rí lẹ́tà méjì tí ń sọ orílẹ̀-èdè (NG ni ti Nàìjíríà), ẹ ó rí nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ẹ ó rí HT tàbí MB. HT ni èyí tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. MB ni èyí tí wọ́n fi gáàsì olóró kan pa á, methyl bromide ni orúkọ gáàsì náà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù ti fòfin de gáàsì yìí láti 2010.

Pákó tí kò ní òǹtẹ̀ lè mú kí wọ́n dá ẹrù yín padà láti èbúté òkèèrè. Bí ó bá sì ní òǹtẹ̀, tí ó lọ, ẹ ò tún ní fi ojú kàn án mọ́. Nítorí náà, ẹ rà á, kí ẹ sì ro owó rẹ̀ mọ́ iye tí ẹ ń ta ọjà. Pálẹ́ẹ̀tì oníke kò nílò òǹtẹ̀ yìí, ó sì ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń ga ju ti pákó lọ.

TI ÀLÒKÙ

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà ní ẹ̀dínwó lè ra àlòkù tí ó bá ẹrù òkèèrè dé. Kò burú fún ìtẹ́lẹ̀ pépà. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo abẹ́. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà jáde láti inú ihò kéékèèké, kòkòrò wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí epo tàbí kẹ́míkà bá ti ta sí i, tí ó ń rùn, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ búlúù, tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ háyà sí i lára, ohun olóhun ni, ẹni tí ń tà á kò ní àṣẹ láti tà á. Èyí tí ó bá sì ní MB lára, ẹ má fi dáná, ẹ má fi yan ẹja, ẹ má fi ṣe ibùsùn fún ọmọ.

Nígbà tí ẹ bá gbé e sílé, ẹ má tì í mọ́ ògiri. Ẹ fi àyè tí ìgbálẹ̀ lè kọjá sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀, kí ẹ sì lè tètè rí ikán.

Ẹ ṢE ÌṢIRÒ YÌÍ

Ìyá kan ń ta omi inú ike. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, fún ọjọ́ 120, ó nílò pálẹ́ẹ̀tì 30. Nígbà òjò kò nílò ọ̀kan. Bí ó bá rà á, ₦18,000 ni ẹyọ kan, yóò lò ó fún ọdún 3, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ₦1,000 lọ́dún. Bí ó bá gbà á háyà, ₦60 ni lójúmọ́. Èló ni ẹyọ kan yóò ná an lọ́dún ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan? Èló ni yóò kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ra gbogbo 30?

Ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì kò ju ₦200 lọ lórí ẹyọ kan lọ́dún, àti pé rírà ni ó fi díẹ̀ dínwó. Kí ẹ tó wá sọ fún ìyá náà pé kí ó rà á, ẹ bi í léèrè ibi tí yóò kó 30 òfìfo sí fún ọjọ́ 245 tí ó kù.